Báà Gígùn Kọ́ Ni Agbára: Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Ẹ̀rọ Ìgégi Tó Bá Iṣẹ́ Yín Mu

  

Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹ ṣí ibi ìtajà kan lórí fóònù yín, ẹ sì rí ẹ̀rọ ìgégi méjì, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ṣéènsọ́ọ̀. Owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹ́ńjìnnì wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Irin gígùn tó wà níwájú ti àkọ́kọ́ jẹ́ íǹṣì 16. Ti èkejì jẹ́ íǹṣì 22. Èwo lẹ máa rà?

Mo ti ń gbọ́ ohùn yín: "Èyí tó gùn ni jàre! Ṣebí owó kan náà ni." Ìdáhùn yẹn gan-an ló ń mú kí ẹ̀rọ tuntun kú kó tó pé oṣù mẹ́ta. Nígbà mìíràn, òun náà ló ń gbé èèyàn dé ilé ìwòsàn.

Ẹnì kan lè ní, "Èmi ará ìgboro, kí ló kàn mí?" Ó kàn yín. Bí òjò bá fi ìjì dé, tí ẹ̀ka máńgòrò wó lé òrùlé, ẹ máa wá ẹni tó ní ẹ̀rọ yìí. Ọ̀pọ̀ yín ní oko tí òbí fi sílẹ̀, tí igi ti gba gbogbo ibẹ̀. Àwọn mìíràn fẹ́ fi igi gígé ṣe iṣẹ́, torí pé orí fóònù ni àwọn oníbàárà ti ń wá agégi báyìí. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, tàbí ẹ fẹ́ gba ẹni tó ní in síṣẹ́, ọ̀rọ̀ tòní wúlò fún yín.

Kí ni báà, kí ni ṣéènì?

Ohun mẹ́ta ló ṣe kókó lára ẹ̀rọ yìí. Ẹ́ńjìnnì ni ibi tí agbára ti ń wá. Báà ni irin pẹlẹbẹ gígùn tó yọ síwájú bí ahọ́n. Ṣéènì ló ń sáré yí etí báà ká, eyín rẹ̀ ló sì ń gé igi.

Báà fúnra rẹ̀ kì í gé nǹkan kan. Ẹ rò ó bí ọ̀nà, kí ẹ sì rí ṣéènì bí ọkọ̀ tó ń rìn lórí rẹ̀. Pé ọ̀nà gùn kò sọ pé ọkọ̀ lágbára. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọkọ̀ náà máa rìn jìnnà sí i.

Nígbà tí wọ́n bá sọ pé báà jẹ́ íǹṣì 16, ibi tó lè wọ inú igi ni wọ́n ń sọ, láti iwájú ara ẹ̀rọ dé ṣóńṣó báà. Ẹ má ṣe tú báà sílẹ̀ kí ẹ wá wọ̀n gbogbo irin náà, torí pé apá kan rẹ̀ máa ń wà lábẹ́ ìdérí.

Kí ló dé tí báà gígùn fi ń pa ẹ́ńjìnnì kékeré?

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Bí báà bá gùn ju agbára ẹ́ńjìnnì lọ, nǹkan mẹ́ta ló máa ń ṣẹlẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni pé eyín tó ń wọ inú igi lẹ́ẹ̀kan náà á pọ̀ jù. Nínú igi ńlá, gbogbo eyín tó wà nínú igi ló ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá pọ̀ ju ohun tó lè fà lọ, ṣéènì á rọra máa rìn. Ṣéènì tó ń rọra rìn kì í gé igi, ńṣe ló ń ha á. Ẹni tó mú ẹ̀rọ dání á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara tì í. Níbẹ̀ ni kílọ́ọ̀ṣì á ti gbóná, tí ẹ́ńjìnnì á máa ké, tí igi náà ò sì ní tètè gé.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ọ́ìlì. Inú ẹ̀rọ ni pọ́ǹpù kékeré kan wà tó ń ta ọ́ìlì sí ara báà kí irin má bàa máa họ irin. Ìwọ̀n báà tí ẹ̀rọ náà lè gbé ni wọ́n fi ṣe pọ́ǹpù yẹn. Bí ẹ bá fi báà tó gùn jù sí i, ọ́ìlì lè má dé ibi tó yẹ kó dé. Báà á gbóná, etí rẹ̀ á máa jẹ, ṣéènì á sì máa ràn.

Ẹ̀kẹta ni ìwúwo. Báà gígùn máa ń fa orí ẹ̀rọ sílẹ̀. Apá á tètè ro yín, ọwọ́ tó sì ti rẹ̀ ni jàǹbá máa ń bá.

Bí igi bá tilẹ̀ kéré, báà gígùn kò jẹ́ kó tètè gé. Ohun tí ẹ rí gbà níbẹ̀ ò ju ẹrù àti ewu lọ.

Ọ̀dọ̀ igi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo igi tí ẹ fẹ́ gé. Ìlànà tó rọrùn ni pé kí báà fi nǹkan bí íǹṣì méjì gùn ju ìbú igi lọ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ìbú igi tó dúró? Ẹ fi okùn yí i ká níbi tí ẹ ti fẹ́ gé e. Ẹ wọ̀n okùn náà, kí ẹ sì pín iye tí ẹ rí sí 3.14. Ẹ̀rọ ìṣirò ṣáà wà lórí fóònù yín. Bí okùn bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 110, ìbú igi náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 35, ìyẹn bí íǹṣì 14. Ẹ fi méjì lé e, ó di íǹṣì 16. Bí okùn bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 157, ìbú igi jẹ́ 50, bí íǹṣì 20. Igi bẹ́ẹ̀ ti ń béèrè báà íǹṣì 22, àti ẹ́ńjìnnì tó lè gbé e.

Igi wo gan-an lẹ máa wọ̀n? Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á lọ wo àràbà kan ṣoṣo tó wà ní ìpẹ̀kun oko, wọ́n á sì tìtorí rẹ̀ ra ẹ̀rọ ńlá. Ẹ̀ka máńgòrò àti dóńgóyárò tí kò ju íǹṣì mẹ́wàá lọ ni wọ́n á wá máa gbé ẹ̀rọ wíwúwo yẹn gé lójoojúmọ́. Igi tí ẹ máa gé jù lọ ni kí ẹ wọ̀n. Ní ti àràbà yẹn, ẹ háyà ẹni tó ní ẹ̀rọ ńlá àti ìrírí. Ẹni tó mọṣẹ́ dáadáa lè gé igi tó fẹ̀ ju báà rẹ̀ lọ, á gé e láti ẹ̀gbẹ́ kan, á sì yí sí èkejì. Iṣẹ́ ọ̀gá nìyẹn o, kì í ṣe ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ń dán wò.

Ẹ́ńjìnnì wo ló lè gbé báà wo?

"cc" ni wọ́n fi ń wọ̀n bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó. Ẹ lè fi ìwọ̀n yìí sọ́kàn:

- Ẹ́ńjìnnì cc 30 sí 38: báà íǹṣì 12 sí 16. Ẹ̀ka, igi kéékèèké àti igi ìdáná nínú ọgbà.
- cc 40 sí 50: báà íǹṣì 16 sí 18. Igi tó wó nínú ọgbà ilé, iṣẹ́ oko.
- cc 50 sí 60: báà íǹṣì 18 sí 20. Ẹni tó ń fi igi gígé ṣiṣẹ́ ní ìgboro.
- cc 60 sí 75: báà íǹṣì 20 sí 28. Igi ńlá, iṣẹ́ ojoojúmọ́.
- cc 90 sókè: báà íǹṣì 24 sí 36. Àwọn tó ń gé gẹdú nínú igbó, tí wọ́n sì ń la pákó.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ láti ọ̀dọ̀ STIHL, ilé iṣẹ́ Jámánì tí Andreas Stihl dá sílẹ̀ ní ọdún 1926. MS 170 wọn jẹ́ cc 30.1. MS 250 jẹ́ cc 45.4. MS 381 jẹ́ cc 72.2. Èyí tí wọ́n ń pè ní 070, tí àwọn agẹdú mọ̀ dáadáa, jẹ́ cc 105.7. Ṣé ẹ ti rí i? Nọ́ńbà tó wà lórúkọ ẹ̀rọ kì í ṣe cc rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé "170" lágbára ju "070" lọ torí pé 170 ló pọ̀ jù, ẹ rọra rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì máa lọ.

Ìwé pélébé tó bá ẹ̀rọ wá ló ni ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn. Ó máa ń kọ báà tó kúrú jù àti èyí tó gùn jù tí ẹ̀rọ náà lè lò. Bí ìwé bá ní íǹṣì 16 ni òpin, òpin ni. Bí báà bá sì kúrú díẹ̀ sí òpin yẹn, kò sí aburú níbẹ̀. Ẹ̀rọ á fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, ṣéènì á sì máa sáré dáadáa.

Irú igi náà tún ṣe pàtàkì. Arère rọ̀, ayùn ọwọ́ pàápàá ń gé e wọ́ọ́rọ́wọ́. Apá le. Ayin le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí igi líle bá ni iṣẹ́ yín, ẹ mú báà tó kúrú nínú èyí tí ẹ́ńjìnnì yín lè gbé. Ọ̀pẹ àti àgbọn ní ìwà tiwọn: kì í ṣe pé wọ́n le púpọ̀, ṣùgbọ́n okùn inú wọn máa ń dí ẹ̀rọ, ó sì máa ń sọ eyín ṣéènì di kúkúǹdú kíákíá. Ẹ máa nu ẹ̀rọ, kí ẹ sì máa pọ́n ṣéènì lóòrèkóòrè.

Nọ́ńbà mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ bára mu

Ẹ ti mọ gígùn báà. Ẹ lọ ra ṣéènì tuntun, ẹ ní, "Ẹ fún mi ní ti íǹṣì 16." Ẹ dé ilé, kò wọlé. Kí ló fà á? Gígùn nìkan kò tó. Nọ́ńbà mẹ́ta mìíràn wà.

Èkíní ni wọ́n ń pè ní pitch. Ó ń sọ bí àwọn ìṣó róbótó tó so ṣéènì pọ̀ ṣe jìnnà síra. Ẹ wọ̀n láti àárín ìṣó kan dé àárín ìṣó ẹ̀kẹta, kí ẹ sì pín in sí méjì. Èyí tó wọ́pọ̀ ni 3/8, .325 àti .404. 3/8 pàápàá pín sí méjì: ọ̀kan wà fún ẹ̀rọ kékeré, tí eyín rẹ̀ kò ga, òmíràn sì wà fún ẹ̀rọ ńlá. Àwọn méjèèjì kì í rọ́pò ara wọn. Eyín róbótó inú ẹ̀rọ tó ń fa ṣéènì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú pitch kan náà, títí kan eyín orí báà, bí ó bá ní in.

Èkejì ni gauge. Èyí ni bí eyín ìsàlẹ̀ ṣéènì ṣe nípọn tó, ìyẹn àwọn tó ń wọ inú kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ etí báà. Mìlímítà 1.1, 1.3, 1.5 àti 1.6 ló wà. Bí ó bá nípọn jù, kò ní wọlé. Bí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, á máa mì, á sì máa gé igi wọ́gọwọ̀gọ.

Ẹ̀kẹta ni iye àwọn eyín ìsàlẹ̀ yẹn. Ẹ kà wọ́n. Báà íǹṣì 16 kan lè gba eyín 55, ti ilé iṣẹ́ mìíràn á gba 56. Eyín kan ṣoṣo ló fi yàtọ̀, síbẹ̀ ó lè mú kí ṣéènì kúrú jù tàbí kó tú jù.

Ọgbọ́n tó rọrùn nìyí o, ẹ̀yin ọmọ fóònù: àwọn nọ́ńbà yìí sábà máa ń wà lára báà, níbi tó ti so mọ́ ara ẹ̀rọ. Ẹ nù ún mọ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì fi í pamọ́. Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ fi fọ́tò náà han olùtajà, kò ní sí àríyànjiyàn.

Ẹ tún wo eyín tó ń gé igi: ọ̀kan kọjú sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì. Joseph Cox, agégi ará Amẹ́ríkà kan, ló ṣe irú eyín títẹ̀ yìí. Ní ọdún 1946, ó ń wo ìdin kòkòrò kan bó ṣe ń jẹ igi gba ọ̀tún gba òsì, ó sì rí i pé ìdin náà ń ṣe é ju ẹ̀rọ ìgbà náà lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Kòkòrò ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́!

Ibi tí ẹ̀mí wà nínú ọ̀rọ̀ yìí

Ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ibi tó léwu jù lára báà ni ìdajì òkè ṣóńṣó rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá kan nǹkan nígbà tí ṣéènì ń sáré, gbogbo ẹ̀rọ á ta sókè, á sì padà sí ojú ẹni tó mú un. Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tí ara rẹ̀ yá tó láti yẹ̀ ẹ́.

Ẹ wá ronú nípa báà íǹṣì 22 nínú igi íǹṣì 10. Íǹṣì 12 ló ṣẹ́kù tó yọ sí ẹ̀yìn igi, níbi tí ojú yín kò dé. Ó lè kan ògiri, ó lè kan ẹ̀ka mìíràn, ó lè kan irin géètì. Ìdí nìyí tí mo fi ní báà gígùn lè gbé èèyàn dé ilé ìwòsàn. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi mú ẹ̀rọ, kí àtàǹpàkò òsì yí ọwọ́ ìmú ká. Ẹ má ṣe gbé e ga kọjá èjìká. Ẹ má ṣe dúró lórí àkàsọ̀ gé igi. Ẹ má ṣe dúró gbọnrangandan sẹ́yìn báà, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Ẹ dán búréèkì ṣéènì wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni ike gbọọrọ tó wà níwájú ọwọ́ òsì. Ẹ dé akoto, ẹ wọ awò, ẹ dí etí, kí ẹ sì wọ bàtà tó le. Ṣòkòtò àwọn agégi wà tí okùn inú rẹ̀ máa ń há ṣéènì kó tó dé ẹran ara. Ó wọ́n o, ṣùgbọ́n itan yín wọ́n jù ú lọ. Bí igi bá sì wà nítòsí wáyà iná, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án títí àwọn oníná yóò fi dé.

Kí ẹ tó tẹ "rà á" lórí fóònù

Ẹ béèrè cc gan-an, kì í ṣe nọ́ńbà tó wà lórúkọ. Ẹ béèrè báà tó gùn jù tí ìwé ẹ̀rọ fọwọ́ sí. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè rí ṣéènì, báà àti púlọ́ọ̀gì rẹ̀ rà ní ìlú yín, torí ẹ̀rọ tí kò ní pátì ti di irin lásán. Ayédèrú ẹ̀rọ tó gbé orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá pọ̀ lọ́jà. Bí owó rẹ̀ bá kéré débi tó ń yani lẹ́nu, ẹ fura.

Àwọn oníbátìrì náà ńkọ́? Wọ́n dára fún ẹ̀ka kéékèèké, ariwo wọn kò pọ̀ tó ti oní-bẹntiróò, wọn kì í sì í jó epo. Òfin kan náà ló de àwọn náà: báà kò gbọ́dọ̀ ju agbára lọ.

Bí ẹ bá ra oní-bẹntiróò, ẹ má ṣe da epo lásán sínú rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ po ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tú-sítúróòkù mọ́ ọn. Bí ìwé ẹ̀rọ bá ní 50:1, ìyẹn ni mìlílítà 20 ọ́ìlì sí lítà kan epo. Lítà márùn-ún á gba mìlílítà 100. Epo lásán máa ń ba inú ẹ́ńjìnnì jẹ́ kíákíá, kò sí mẹkáníìkì tó lè fi ẹnu tún un ṣe.

Ohun kan ṣì kù. Pé ẹ ní ẹ̀rọ kò sọ pé gbogbo igi ni ẹ lè gé. Ní Èkó, àjọ tí wọ́n ń pè ní LASPARK ló ń fúnni ní àṣẹ láti gé igi, kódà bí igi náà bá wà nínú ọgbà yín. Àwọn ìpínlẹ̀ yòókù náà ní òfin lórí igi inú igbó ọba. Ẹ béèrè kí ẹ tó fa okùn ẹ́ńjìnnì.

Ká kó o jọ

Ẹ wọ̀n igi tí ẹ máa gé jù lọ. Ẹ fi íǹṣì méjì lé ìbú rẹ̀, ẹ ti mọ báà yín nìyẹn. Ẹ wá ẹ́ńjìnnì tó lè gbé báà yẹn láìgbọ̀n. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí pitch, gauge àti iye eyín ṣéènì bára mu. Bí ẹ bá ń lọ láti orí igi dé orí ẹ̀rọ báyìí, owó yín ò ní ṣòfò. Tí ẹ bá bá agégi pàdé lọ́la, tó gbé ẹ̀rọ kékeré tó ní báà gbọọrọ dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa bi í kó tó gun igi.

Ẹ bá wa fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìgégi, pàápàá èyí tó ti ń sọ pé íǹṣì 22 ló wu òun. Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ ya fọ́tò báà yín, kí ẹ kọ irú igi tí ẹ ń gé, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí wa. A máa dáhùn díẹ̀ nínú rẹ̀ nínú ètò tó ń bọ̀. Ire o, ó dìgbà kan ná.